Ọwọ́ La Fi Mọ Ibú

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òkun ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, wá kí mi ní Sùúrùlérè lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Bàbá àgbà, iṣẹ́ ibú òkun lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe. Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí?"

Mo ní rárá. Kò sí ìkankan nínú àwa tí a jọ ṣiṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kíní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, Piccard àti Walsh wọ ọkọ̀ Trieste lọ sí ibi tó jìn jù lọ nínú gbogbo òkun ayé, ó lé ní 10,000 mítà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kàn mí títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ náà dìde níwájú mi kó máa rò pé a kò mọ ibẹ̀. A mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ la fi mọ̀ ọ́n, ọ̀gá mi ló sì kọ́ mi.

Ọ̀gá mi kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ará Ìlàjẹ ni, Mákòókò ló ń gbé, iṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì ló ń ṣe. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ òkun láti ìgbà tí ọkọ̀ méjì, Thierry àti La Rafale, ń fa àwọ̀n kiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1963 àti 1964, ìwádìí tí OAU, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1968. Bí wáyà tó gbé gíráàbù, irin tó ń bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, bá ń sọ̀kalẹ̀, á fi ìka méjì lé e, á dijú. Á ní, "Ẹrẹ̀ ni." Tàbí, "Yanrìn ni, ìkarahun wà nínú ẹ̀." Gíráàbù á gòkè, ohun tó wí la ó bá nínú rẹ̀. Mo ti ka ìwé tí Hill àti Webb kọ lórí ọ̀sà Èkó ní 1958, ìwé tó dára gan-an ni, títí dòní ni mo ń tọ́ka sí i. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ òkun tí mo kà láyé mi, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí orúkọ àwọn tó di wáyà mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi níbikíbi tí wọ́n bá fún mi láyè.

Ohun èlò tó fẹ́ràn jù ni ìgò Nansen, tí a fi ń bu omi láti inú ibú. Idẹ ni, ó wúwo, tẹmọ́mítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó so wọ́n mọ́ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá ju mẹ́séńjà. Irin kékeré náà á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á gbá ìgò àkọ́kọ́, ìgò á dojú dé, á tú mẹ́séńjà tirẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó wà nísàlẹ̀. Nínú ìka lẹ ó ti gbọ́ ọ: kọ́. Ẹ dúró. Kọ́. Bí a bá so mẹ́fà tí ìka ọ̀gá mi gbọ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó máa fa wáyà yẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló ń pariwo láti òkè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹrẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀ 1,000 mítà wá, oòrùn ọ̀sán ń jó wa lórí, ẹrẹ̀ náà sì tutù bí omi inú fíríìjì. Ọ̀gá mi bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n fi sáàárín eyín kí n lè mọ̀ bóyá yanrìn wà nínú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnná bí kò ṣe yẹ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wá iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ CTD dé, tí kọ̀ǹpútà ń ka ooru àti iyọ̀ omi fúnra rẹ̀, n kò bá a jà. Ó yá, ó sì péye. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó ń ṣètò ibi ìkẹ́rù kọ kóńdẹ́ẹ̀mù sára àpótí ìgò wa, wọ́n wọ̀n wọ́n bí idẹ, wọ́n tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ti kọ̀wé ṣáájú pé kí wọ́n fún wa ní méjì péré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹnì kan ò dáhùn. Ọ̀gá mi ti kú nígbà náà, mo sì dúpẹ́ pé kò rí i.

Ọdún sáré. Wọ́n ti dá NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1975. Wọ́n ṣí Third Mainland Bridge ní 1990, ọ̀nà mi síbi iṣẹ́ sì yàtọ̀. Ọkọ̀ ìwádìí àwọn ará Norway, tí wọ́n fi orúkọ Nansen tó ni ìgò wọ̀nyẹn sọ, wá sí omi wa. Ẹ̀kẹta irú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí láti 2017.

Lẹ́yìn náà ni epo inú ibú dé. Pápá epo Bonga bẹ̀rẹ̀ ní 2005, omi ibẹ̀ jìn ju 1,000 mítà lọ. Agbami tẹ̀lé e ní 2008, Egina ní òpin 2018. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ní iná àti kámẹ́rà ń sọ̀kalẹ̀ lemọ́lemọ́. Ilé-iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, pè mí kí n wá wo fíìmù kan. Mo rí ẹja kan tó fi lẹbẹ gígùn mẹ́ta tẹ ẹrẹ̀, ó dúró gbagidi, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ó ń retí oúnjẹ. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà. Wọ́n ní àṣírí ni. Ẹja inú òkun wa, àṣírí! Bẹ́ẹ̀, ní 2013, ìwé ìmọ̀ jáde láti inú fíìmù tí rọ́bọ́ọ̀tì irú rẹ̀ yà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun Nàìjíríà, tó fi hàn bí àwọn ẹran ibẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe dagun sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìdí tí n kò fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ni pé mo ń fi àkókò ṣòfò, mo ń lọ sọ̀rọ̀ òkun fún àwọn ọmọ nílé-ìwé Mushin àti Yaba. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Mo máa ń mú ife fóòmù méjì dání, tuntun kan, àti ọ̀kan tí a so mọ́ wáyà lọ sí ibú. Gbogbo mítà mẹ́wàá tí a bá rì, ìwúwo gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa tún máa ń bọ́ lé wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó lọ sí ibú ti sún kì, kò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti gbà á káàkiri, kíláàsì á dá wáí. Wọ́n á béèrè nípa Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì ní oṣù Karùn-ún 2013, tó fi nǹkan bíi ọgọ́ta wákàtí wà láàyè nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀, tó sì padà di òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní Mushin bi mí pé, "Sà, ṣé ẹ rí ààfin Olókun?" Mo ní àwọn àgbà tó ní Olókun ló ni ọrọ̀ ti mọ̀ pé ọrọ̀ wà níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ epo kankan tó dé. Ta ló máa dá irú ọmọ yẹn lóhùn ní Yorùbá bí èmi ò bá lọ? Ìwé ìròyìn ìmọ̀ wo ló máa dé Mushin?

Àwọn tó kọ̀wé náà ṣe tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Awosika jókòó sínú ìgbìmọ̀ Àjọ Àgbáyé tó ń yẹ ààlà ilẹ̀ abẹ́ òkun wò, ó sì ṣe alága wọn. Nàìjíríà gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ ní 2009, ní 2023 ni ìròyìn sì kàn wá pé wọ́n ti fi nǹkan bíi 16,300 kìlómítà onígun mẹ́rin kún tiwa. Ìpínlẹ̀ Èkó mẹ́rin máa wọ inú rẹ̀, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ilẹ̀ tiwa ni, a sì ń tọrọ àwòrán òkun wa lọ́wọ́ alágbàṣe.

Mo ti tún kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ni fíìmù ẹja yẹn. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀dà fún Akọka, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́, kí n sì mú ọ̀kan lọ sí àwọn ilé-ìwé mi. Bí wọn ò bá fèsì kí oṣù yìí tó parí, màá gbé lẹ́tà mìíràn lọ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra mi.