Ìgbìmọ̀ Wa àti Àwọn Ilé-iṣẹ́ Tó Fẹ́ Ràn Wá Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tí a ń yàn sórí ẹgbẹ́ wa ni mo mú wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní mọ́ṣáláṣí wa, mítìn tí mo ti jókòó sí kò lóǹkà.

Bí a bá fẹ́ yan ìgbìmọ̀, olówó àti olóyè ni a máa ń kọ́kọ́ pè. A ó wé láwàní fún un, a ó ya fọ́tò, ó tán. A kò tún ní rí i mọ́ títí Iléyá mìíràn yóò fi dé. N kò ní kí a má bu ọlá fún olówó o. Mohammed Shitta ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní 1894, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé káàkiri.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ilé-kéwú wa. Ọ̀gá wọn béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa àti ìṣirò owó ọdún tó kọjá. Ìyẹn rọrùn, wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Ó wá béèrè pé, “Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?” Gbogbo ilé dákẹ́. Nínú àwa mọ́kànlá, Ìyá Àdínì wa, tí ń ta aṣọ lọ́jà, nìkan ló dáhùn. Ó ní àwọn ìyá àsàlátù yóò máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì mọ ẹni tí ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó mú ọ̀gá náà lọ sí odò tí àwọn ọmọ ti ń pọnmi. Bí a ṣe rí kànga gbà nìyẹn.

Òfin náà kò fi wá sílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà tó jáde ní 2020 ní kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí ìjọba, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má sì pín owó ẹgbẹ́ bí èrè.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ ọtí kan tó fẹ́ kun ilé-kéwú wa lọ́dà, kí orúkọ ọtí wọn lè wà lára ògiri. Àwọn kan ní owó ni owó ń jẹ́. Èmi ní rárá. Kí ni a ó wí fún ọmọ tí ń kà á lára ògiri? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mítìn tú ká. Níkẹyìn a kọ ọ́ sílẹ̀, irú ilé-iṣẹ́ tí a kò ní gba owó rẹ̀, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i àfi bàbá ọlọ́rọ̀ kan, tó bínú kúrò. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi ni. Oṣù mẹ́ta ni àga rẹ̀ ṣófo kí a tó fi ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Òun àti Ìyá Àdínì ni wọ́n ń bá wa lọ rí àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí.