Láti Mushin dé Àkọkà, Nítorí Ìṣirò

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ìyẹn sì ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé wọn ní Mushin. Ìṣirò lọmọ fẹ́ràn, dókítà ni bàbá fẹ́ kó jẹ́. Ẹni tó bá gbé ilé Yorùbá dàgbà mọ ẹni tó sábà máa ń borí nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n mú ọmọ náà lọ sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, kó fojú ara rẹ̀ rí ọgbà náà kó tó kọ ohunkóhun sórí fọ́ọ̀mù. Mo fura sí i pé ó ń retí kí ọmọ rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nínú aṣọ funfun, kí ọkàn rẹ̀ lè yí. Ohun tí kò rò ni pé Ìdí-Àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn LUTH, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn yunifásítì náà wà, kò sì jìnnà sílé rẹ̀ rárá.

Àyè kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù ni gbogbo àríyànjiyàn náà dá lé. Iṣẹ́ mẹ́rin ni JAMB ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, máàkì 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 lápapọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn yóò fi báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti fìsíìsì kún un. Àyè ti kún nìyẹn, kò síbi tí ìṣirò á jókòó sí. Àwọn tó fẹ́ di ẹnjiníà ló ń mú ìṣirò, fìsíìsì àti kẹ́mísírì. Nítorí náà, ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pa pọ̀, tí wọ́n bá ti ní dókítà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Ìdí-Òró la ti wọ dáńfó. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé, “Ojúẹlẹ́gba, Yaba, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!” Géńdé méjì fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìyá arúgbó kan sẹ́yìn kí wọ́n lè ráyè jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ń dúró ní Mushin, ó sì ń dúró ní Yaba. À bá wọ ìyẹn ká sinmi ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ọmọ fẹ́ ra ìwé lọ́nà.

A sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Tejúoṣó. Àwọn tó ń ta àlòkù ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá ka sáyẹ́ǹsì ní girama nílẹ̀ yìí kò nílò kí wọ́n ka àkọlé fún un: kẹ́mísírì Ababio, fìsíìsì Anyakoha, báyọ́lọ́jì Ramalingam, àti New General Mathematics tí páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìwé past question ló pọ̀ jù lórí àtẹ, òun náà ló sì ń yá jù.

Bàbá kan tó dé fìlà abetí-ajá ló dá wa lóhùn. Ọmọ kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè Further Mathematics Project, ìwé Tuttuh-Adegun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ta ló fẹ́ lò ó?”

“Èmi ni, sà.”

“Tíṣà yín ló ní kí ẹ rà á?”

“Rárá, sà. Wọn kì í ṣe Further Maths níléèwé wa.”

“Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?”

“Mo kàn fẹ́ kà á ni, sà.”

Bàbá wojú mi bí ẹni pé kí n wá jẹ́rìí sí i. Ó fa ẹ̀dà méjì yọ lábẹ́ tábìlì, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọn hàn wá, níbi tí ìka máa ń bà láti ṣí ojú ewé. Ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ dúdú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá funfun báláú títí dé ìparí. Ti ìkejì dọ̀tí láti páálí dé páálí. “Èmi ò kàwé dé ibi tí ìwé yìí dé,” ó ní, “ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi, bí wọ́n bá gbé e padà wá tà fún mi lẹ́yìn ìdánwò, wọn kì í tíì dé ojú ewé ogójì.”

Ó wá ní òun náà ní ìbéèrè kan. Ọmọkùnrin kan tó máa ń wá dúró kàwé lórí àtẹ láìrà ló fi í sílẹ̀ fún òun. Fi 3 kún 1, ó di 4, ìyẹn 2 lọ́nà 2. Fi 5 kún un, ó di 9, 3 lọ́nà 3. Fi 7 kún un, ó di 16, 4 lọ́nà 4. Bí èèyàn bá ń mú àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba lọ bẹ́ẹ̀ ní tẹ̀léńtẹ̀lé, ibi tó bá dúró sí, yóò máa bá nọ́ńbà kan tó fi ara rẹ̀ lọ́po ni. “Mo ṣe é lórí páálí títí tó fi rẹ̀ mí, òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ yẹn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi kó tó wọ yunifásítì lọ.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì. Ó lọ bá ìyá tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó tọrọ ìdérí ìgò, ó sì ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan wá sórí tábìlì. Ó gbé ẹyọ kan sílẹ̀. Ó fi ẹyọ kan sí ọ̀tún rẹ̀, ẹyọ kan sísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá fi ìkẹta dí igun tó ṣófo. Ó di mẹ́rin, méjì ní ìbú, méjì ní òró. Ó tún fi méjì sí ọ̀tún, méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan sí igun: márùn-ún ló fi kún un, ó di mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta.

“Ẹ wò ó, sà. Ní gbogbo ìgbà, ẹyọ kan ló máa ń lé ní ọ̀tún, ẹyọ kan á sì lé nísàlẹ̀, igun ò ju ọ̀kan lọ láéláé. Ìdí tó fi ń fi méjì méjì pọ̀ sí i nìyẹn. Kò lè yẹ̀.”

Bàbá ò tíì gbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó to méje tirẹ̀, mẹ́ta, mẹ́ta, ọ̀kan, ó sì fi ìka ka gbogbo rẹ̀ pátá. Mẹ́rìndínlógún. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó ń ta bẹ́líìtì ní òdìkejì kó wá wò ó. Kí á tó mọ̀, ìyá onímínírà ti wà níbẹ̀, aránṣọ kan ti wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ra past question sì ń béèrè pé tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò pọ̀ ńkọ́. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá,” ọmọ ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Èyí tó dọ̀tí ni Bàbá kó fún un. Mo na owó sí i, ó ti ọwọ́ mi padà. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kí ọmọ gbé ìwé náà padà wá lẹ́yìn ìdánwò. Bí òun bá rí i pé ó ti fi ìdọ̀tí kún ti tẹ́lẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò sí níbẹ̀. Bí kò bá fi kún un, kó wá san owó ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì yẹn ni mo ń rò títí a fi dé Yaba, torí kò síbi tí ìdérí ìgò lè wọ̀ lórí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé wa. Ní Yunifásítì Èkó, nínú 100 tí wọ́n fi ń ṣírò ta ni yóò wọlé, máàkì JAMB ló ń kó 50: wọ́n á fi 8 pín ohun tí ọmọ gbà nínú 400. Ìdánwò tí yunifásítì ń ṣe fúnra rẹ̀ ń kó 30. Èsì girama lórí iṣẹ́ márùn-ún ló ń kó 20 tó kù, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé C6 tó jẹ́ 2. N kò kórìíra ètò yìí. Nílẹ̀ tí “mo mọ ẹnì kan níbẹ̀” ti ń ṣílẹ̀kùn, nọ́ńbà ni ààbò ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka past question sórí àti ẹni tó lè fi ìdérí ìgò ṣàlàyé ohun tó mọ̀, bákan náà ni nọ́ńbà ń rí wọn.

MIT, iléèwé tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ń wo máàkì, ó sì le lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ó tún ń ní kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohun tó máa ń ṣe kìkì nítorí pé ó gbádùn mọ́ ọn.

Nọ́ńbà pàápàá máa ń ṣìnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn, nígbà tó ń tọrọ àforíjì pé àṣìṣe wọ èsì ìdánwò ọdún náà. Àwọn tó kàn jẹ́ 379,997, ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù. Àwọn ọmọ Èkó nìkan lé ní 206,000. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe láti ọjọ́ 16 oṣù náà. Mo gbóríyìn fún un pé kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ fún odindi ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé gbà gbọ́ pé olódo ni àwọn, àwọn òbí míì sì bá wọn gbà á.

Ní Yaba, a kọjá lẹ́bàá iléèwé gíga Yabatech. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1947, òun ló sì rọ́pò Yaba Higher College tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣí ní gbangba ní 1934. Ìwé tó le ni wọ́n ń kọ́ ní Higher College yẹn, sáyẹ́ǹsì, ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde kì í gba dìgírì. Igbákejì ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe, olùrànlọ́wọ́ dókítà, olùrànlọ́wọ́ ẹnjiníà, lábẹ́ òyìnbó. Ìbínú lórí èyí ló bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement lọ́dún 1934 kan náà, nígbà tí J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies dìde. Eni Njoku, onímọ̀ nípa ewéko, wà lára àwọn tó gba Yaba Higher College kọjá. Òun ló wá di gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Èkó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó ní, “Àǹtí, ṣé obìnrin kankan wà níbẹ̀?” Mo wá sọ ìtàn Grace Alele-Williams fún un. Wọ́n bí i ní Warri ní 1932, ó lọ sí Queen’s College, ó lọ sí Ìbàdàn, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé ní Queen’s School, Ẹdẹ. Ní 1963, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àkọkà yìí ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1976, kó tó lọ ṣe gíwá ní Benin láti 1985 sí 1991. Àkọkà náà ni Chike Obi ti kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò, òun tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ ní 1950 ṣáájú gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

A dé yunifásítì, a rìn yíká, a rí ọ̀sà, a jẹun. Ọmọ ò wo ọgbà náà tó bí mo ṣe rò. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ti ṣí ìwé tí Bàbá olùtàwé fún un.

Bàbá rẹ̀ kò tíì gbà, a ṣì ń bá a sọ ọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ hàn yín, kí ẹ tó bá a yan iṣẹ́ mẹ́rin. JAMB ń gbà kí ọmọ yí kọ́ọ̀sì àti iléèwé tó yàn padà, bó bá sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi báyọ́lọ́jì rọ́pò ìṣirò, tó sì ti jókòó ṣe ìdánwò, bó bá wá fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ó di ọdún tó ń bọ̀.