Ọjọ́ 180 Kí Ẹ̀sùn Tó Dé

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ kò yéé bi mí léèrè iye tí yóò ná wọn láti bọ́ sí Windows 11. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: "Níbo ni ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí ó ń fọwọ́ sí àṣẹ àwọn yòókù sí, ta ni ó sì ń wo aago rẹ̀?" Àwọn mìíràn a rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. N kò ṣe àwàdà rárá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbà mí láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà 42 tí wọ́n ní. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń lọ síbẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue, ni ó ń wà nídìí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ọmọ tó ní ìtẹríba ni, ó sì ń kọ́ èdè wa pẹ̀lú ìtara. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Agẹmọ, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní mo jalè."

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, akápò ti ṣe ẹjọ́ náà tán. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀rọ̀ kan ti hàn pé kí wọ́n lọ fìdí àṣẹ Windows múlẹ̀. Akápò fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé owó tí wọ́n fi ra àṣẹ náà fún gbogbo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò sì ń bọ̀ láti Àbújá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ọmọ yìí ló wà nídìí gbogbo kọ̀ǹpútà náà, tí ó ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Akápò ní ó ti yọ àṣẹ gidi kúrò, ó ti tà á, ó sì ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní òpin oṣù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí ọmọ náà parí ìsìn rẹ̀.

Akápò wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí a kò mọ ilé wọn yìí, ta ló lè fọkàn tán wọn?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná." Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ó ń retí kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì sọ ọ́, nítorí èmi náà ti ń ṣiyèméjì sí i.

Ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà ra àṣẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní KMS. Kì í ṣe pé a ra àṣẹ náà fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ni a fi ṣe baálé, òun nìkan ni Microsoft mọ̀. Àwọn yòókù ní láti máa wá kí baálé lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méje-méje, kí ó lè tún àṣẹ wọn ṣe. Bí wọn kò bá rí i, wọn kò ní pariwo. Wọn yóò máa ṣiṣẹ́ lọ títí ọjọ́ 180 yóò fi pé. Oṣù mẹ́fà gbáko! Ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rò pé àánú ni òun ṣe wá, àánú náà ni, ṣùgbọ́n ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí gbogbo ènìyàn yóò fi gbàgbé ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Mo jókòó sí ìdí ọ̀kan, mo tẹ slmgr /ato. Èsì tí ó fún mi ni 0xC004F06C. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aago kọ̀ǹpútà yìí àti ti baálé kò bára mu, ìyàtọ̀ wọn sì ti ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo wo aago iwájú mi, ó tọ̀nà. Mo bá dìde, mo lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí tí baálé wà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2016, agogo mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ni ohun tí mo bá lójú rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀, CR2032 tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, ti kú. Nígbàkigbà tí iná bá lọ, aago a padà sí 2016. Wákàtí tí NEPA ti mú iná dé ni aago náà ń kà fún wa.

Ta ni ó gbé e sínú yàrá tí kò ní ínfátà? Èmi ni. Nínú ọyẹ́ oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, akápò ṣàròyé pé ariwo rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì òun, níbi tí ínfátà wà. Mo gbé e kúrò níbẹ̀. Mo tún yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó má baà máa jẹ dátà, bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni ìbá máa tún aago rẹ̀ ṣe. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, mo ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé baálé kúrò ni ó rí i gbẹ̀yìn. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Akápò ti pe ẹnì kan ní Ìkẹjà kí n tó jáde. Ẹni náà ní òun ní ohun tí yóò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a ṣáà kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò inú kọ̀ǹpútà ná. Ẹni tó bá ní kí o pa ajá rẹ kí òun tó wọlé, ìwọ náà mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣe. Mo ní kí akápò pa fóònù náà.

A ra bátìrì ní ọjà, a tún aago ṣe, a gbé baálé padà sí ìdí ínfátà. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tún kọ̀. Nọ́ńbà mìíràn ni ó mú wá, 0xC004F038. Èyí kò bà mí lẹ́rù. Baálé kì í dá àṣẹ fún ẹnikẹ́ni àfi bí kọ̀ǹpútà 25 bá ti wá kí i, kò sì ka ẹni tí kò bá yọjú fún ọjọ́ 30. Gbogbo àwọn tí ó mọ̀ rí ti di àjèjì sí i. A ní láti kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà ń kà á sókè ní Yorùbá. Gbogbo wọn ń kọ̀. Akápò dúró, ó ká apá lẹ́yìn. Nígbà tí a dé mẹ́rìnlélógún, ó ṣì kọ̀. A bọ́ sí òmíràn, ọmọ náà ní, "Márùn-únlélógún." Akápò fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe: "Márùndínlọ́gbọ̀n ni à ń pè é." Àfi bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́, ó gbà. A padà sí ti àkọ́kọ́, òun náà gbà.

Ọ̀gá àgbà ní kí n kọ ìròyìn lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìlà kìíní pé èmi ni mo gbé baálé kúrò nídìí ínfátà tí n kò wo bátìrì rẹ̀. Mo fún akápò ní ẹ̀dà kan. Ó kà á tán, kò wí nǹkan kan, ó na ọwọ́ gba ìwé ọmọ náà, ó mú un lọ fún ọ̀gá àgbà kí ó fọwọ́ sí i.

Mo bẹ ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí ọkọ̀ mi. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Ọ̀gá." Lẹ́yìn náà ó bi mí ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ ní àárọ̀. N kò rí èsì fún un.