Èèpo Kajú Ni Mo Fi Ba Ojú Mi Jẹ́

Láti kékeré ni àmì dúdú kan ti wà ní párì ọ̀tún mi. Ó yọ sókè díẹ̀, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Kò dùn mí, kò ṣẹ̀jẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó mi kù dẹ̀dẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó hàn nínú fọ́tò.

Mo bi nọ́ọ̀sì kan ní Ìlọ́fà. Ó ní kí n lọ bá dókítà awọ ara ní Ìlọrin: wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ ò fi ní dùn mí, wọ́n á fi abẹ gé àmì náà tàbí kí wọ́n fá a, wọ́n á sì gbé ohun tí wọ́n gé lọ fún àyẹ̀wò, bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ó wo etí mi, níbi tí wọ́n lu tó ti wú. Ó ní, “Àpá yín máa ń wú. Ẹ sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kàn yín.”

Tíṣà ni mí. Mo gbà pé kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ tí mi ò lè kà lórí fóònù.

Kò sí ọmọ tó dàgbà láti Òsí dé Ìlọ́fà tí kò mọ oró èèpo kajú. Bí wọ́n bá ń sun kóró rẹ̀, epo dúdú inú èèpo a máa ta síni lápá, ibẹ̀ a sì bó. Àwọn ọmọkùnrin míì ń fi í kọ orúkọ sára. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé á jó àmì mi dànù. Yèyé mi rí èèpo náà lọ́wọ́ mi. “Ọmọ mi, má fi nǹkan yẹn kan ojú.” Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Mo fi ṣáṣá ìgbálẹ̀ tọ́ epo náà sí àmì mi. Ó ta mí. Mo tún tọ́ ọ sí i. Lóru, ojú mi wú. Awọ bó. Ó di egbò. Egbò gbọyún. Báyẹn ni mo ṣe wọ aṣọ ìyàwó.

Egbò jinná, àpá rẹ̀ ò dúró. Ó ń ga, ó ń yún mi, ó tàn kọjá ibi tí àmì wà tẹ́lẹ̀. Kẹ́lọ́ìdì ni, ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní etí, àyà, èjìká àti párì. Inú àpá náà ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí kó lè rọ̀, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá kàn gé e, ó lè padà wú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ọkọ̀ Ìlọrin tí mo ń ṣọ́, mo ti ná an, mo ti ná ti ọkọ mi mọ́ ọn.

Dókítà tí mo padà lọ bá ní Ìlọrin bi mí pé àmì náà ńkọ́. Mo ní mo ti jó o. Kò sí ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò mọ́. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, èmi ni mo pa ẹ̀rí rẹ̀ rẹ́. Abẹ́ èékánná àtàńpàkò ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ti Bob Marley, olórin nì, ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i ní 1977, ó kú ní 1981, ẹni ọdún 36. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń yọ sí.

Ìwọ tí ò ń fọwọ́ pa àmì tìrẹ nínú dígí, bó bá ń dàgbà, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, jọ̀ọ́, gbé e lọ fún dókítà lódindi. Èyí tí kò yí padà tí kò sì yọ ọ́ lẹ́nu, o lè fi sílẹ̀. Yèyé mi ní irú tèmi lọ́rùn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.