Ọyẹ́ Kì í Mú Ara Nìkan

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa. Ẹni tó bá ti la àríwá Èkìtì kọjá nínú oṣù Kìíní mọ̀ pé ìkíni yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìdó-Èkìtì ni mo sùn mọ́jú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí ọkọ̀ wa gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù, síbẹ̀ awakọ̀ ṣì tan iná mọ́tò. Kùrukùru ti bo gbogbo òkè mọ́lẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé fìlà òtútù, àwọn ọlọ́kadà fi aṣọ bo imú, àwọn bàbá sì ń yáná níwájú ilé.

Ìkọ̀lé ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni ọdún 76, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Láti ìgbà tí ọdún tuntun ti kọjá ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń pè mí pé Yèyé kì í sọ̀rọ̀ mọ́, kì í jẹun dáadáa, kì í sì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo dáhùn lórí fóònù pé, "Ọjọ́ ogbó ni."

Ojú tì mí nígbà tí mo wọlé. Fèrèsé wà ní títì, yàrá ṣókùnkùn, ìkòkò èédú tó ń jó sì wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Yèyé ní ikọ́ kì í jẹ́ kí òun sùn, orí sì ń fọ́ òun. Ó wá rọra sọ pé, "Gbogbo yín wá ṣọdún, gbogbo yín lọ. Ọyẹ́ nìkan ló kù tì mí."

Mo kọ́kọ́ gbé èédú síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sun èédú nínú yàrá tí ẹ tì pa. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn, tó lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ní ọdún 1984, Dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ìbànújẹ́ tó ń bá àwọn kan ní ìgbà òtútù, nígbà tí ojúmọ́ bá kúrú. Ní London, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í tó wákàtí 8 ní ìparí oṣù Kejìlá. Ní Ìkọ̀lé, ó ń ju wákàtí 11 lọ. Nítorí náà, tiwa yàtọ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aginjù Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ló ń fa ikọ́. Ikọ́ àti òtútù ń lé oorun lọ. Ilẹ̀kùn tí a tì ń dá àgbà nìkan wà. Àìsùn àti ìdánìkanwà sì tó láti mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì.

Kí ni ká ṣe? Bí oòrùn bá ti là, ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ gbé àga àgbà síta. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ fi ọwọ̀ gbá eruku sókè. Ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná àti omi, ẹ fi òrí pa wọ́n lára, ẹ fún wọn ní ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ tó nípọn lálẹ́. Òtútù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ fo oògùn wọn.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ló kàn. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn dókítà wà ní Ìdó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń sọ pé ikú yá òun ju ayé lọ, ẹ má dúró di ọ̀la.

Wọ́n tọ́jú ikọ́ Yèyé, àwa ọmọ sì pín ọjọ́ tí kálukú yóò máa pè é. Kí oṣù Kejì tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, tó ń bá mi jà pé n kò pe òun lánàá. Inú mi dùn sí ìjà náà. Ẹ̀yin náà, ta ni ẹ kò tíì kí kú ọyẹ́?