Láti Ìsẹ́yìn dé Abẹ́òkúta ní Àkókò Màjàlà

Ọ̀nà tí ó ti Ìsẹ́yìn wá sí Abẹ́òkúta kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa mọ̀. Bí ará Èkó bá ní òun ń lọ sí ilé ní Ẹ̀gbá, ọ̀nà Ọ̀tà àti Ifọ̀ àti Ìtòrí ni yóò bá wá, tàbí kí ó gba Ṣágámù àti Síún. Láti ọdún 2021 wá, àwọn mìíràn a sì wọ ọkọ̀ ojú irin titun tí ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, wọn a sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta láìfi ẹsẹ̀ kan eruku. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti Òkè-Ògùn bọ̀ yóò gba Adó-Àwáyè, yóò kọjá ní Láńlátẹ̀ àti Èrúwà, yóò wọ Igbó-Ọrà, kí ó tó kọ ojú sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀: koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú igi ẹmi àti igi igbá tí wọ́n dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ṣọ́ oko. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí koríko náà bá ti gbẹ, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí pápá má jó ní ibì kan níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni a gbà ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Ìsìn ìrántí bàbá wa, tí ó pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sùn, yóò wáyé ní Abẹ́òkúta ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kejì. Ọkọ̀ tí a wọ̀ ni bọ́ọ̀sì àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí ń ta Bíbélì àti ìwé orin àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ kiri àwọn ìlú Òkè-Ògùn. Nítorí pé kì í rí ilé ìgbàlejò ní ọ̀pọ̀ ibi tí ó ń dé, ó ti tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó fi pátákó kan ibùsùn sí ipò rẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù lé e, ó sì so aṣọ ìkélé mọ́ fèrèsé. Àpótí ìwé wà ní abẹ́ ibùsùn. Kẹ́ẹ̀gì omi àti sítóòfù kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. A gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà wọ́n ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní odidi ilé, pẹ̀lú ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú rẹ̀. Ti àbúrò mi kò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò pè é ní ọkọ̀ mọ́: “ilé ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà” ni ó ń pè é. Ìyàwó náà wà pẹ̀lú wa, àti ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méje, ẹni tí ó ní àìsàn tí í fún ènìyàn ní èémí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Nínú àpótí tí ó wà lókè gbogbo rẹ̀ ni ìwé ètò ìsìn ìrántí náà wà, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí pé àbúrò mi ni ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ènìyàn a máa pe ohun gbogbo tí ó bá bo ojú ọ̀run ní àkókò yìí ní ọyẹ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ni, ó sì yẹ kí àwọn ìyá ọmọ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá wa. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ti ibi kan tí a ń pè ní Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì, ibi tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá ní ayé àtijọ́, tí ó sì ti gbẹ. Ó ń la ètè, ó ń la àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń mú kí òwúrọ̀ tutù, ó sì ń kun ewé ní ẹfun. Èéfín ní tirẹ̀ kò ti Ṣáàdì wá. Ọwọ́ wa ni ó ti jáde. Èérún rẹ̀ kéré ju ti eruku lọ, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí imú àti ọ̀fun kò fi lè dá a dúró, a sì wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Aṣọ tí a fi omi rẹ, tí a so mọ́ imú, lè gba eruku dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín a gba inú rẹ̀ kọjá bí omi tí ń gba inú ajere. Ìbòmú líle, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ní àkókò àrùn kòrónà ní 2020, ni ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ìyá ọmọ náà ti fi méjì sí àpò rẹ̀.

Láti Ìsẹ́yìn dé Adó-Àwáyè, ọyẹ́ nìkan ni a rí. Òkè Adó, tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀, dà bí òjìji lásán. Lẹ́yìn tí a kọjá Láńlátẹ̀ ni màjàlà bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sórí gíláàsì iwájú ọkọ̀, dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ tí a sun. Àwọn àgbà ní bí oko bá jó, màjàlà ni yóò ròyìn rẹ̀ fún ará ilé. A gbójú sókè, a rí àwọn àwòdì tí wọ́n ń yí po ní ojú ọ̀run. Kì í ṣe pé wọ́n sá fún iná, ńṣe ni wọ́n ń dúró de tata àti eku tí ń sá jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ọdẹ mẹ́ta dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ajá wọn. Àbúrò mi dá ọkọ̀ dúró, a kí wọn kú ọdẹ. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ní ọ̀yà mẹ́rin ní èjìká. Mo bi í pé kí ni ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ń sun pápá lọ́dọọdún tí gbogbo ayé ń kùn sí i. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ rò pé nítorí ọ̀yà nìkan ni. Bí a kò bá sun ún nísinsìnyí, ẹnì kan yóò ju ìdáná sígà sí i ní oṣù Ẹrẹ́nà. Iná ti oṣù Ẹrẹ́nà kì í rìn ní ilẹ̀. Orí igi ni ó ń gbà.”

Ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ. Ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ibi tí a dúró sí, ní àárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ni Olókèméjì wà, igbó ìjọba tí ó wà ní etí odò Ògùn, níbi tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá. Ní 1929 àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, nígbà tí omi ṣì kù nínú koríko. Wọ́n ń sun apá kejì ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ bí ìṣáná. Wọn kò sì jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Charter àti Keay kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1960. Ibi tí iná kò dé ti di igbó dídí, òjìji igi sì ti pa koríko ibẹ̀. Ibi tí a ń sun ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn di koríko pẹ̀lú ìwọ̀nba igi díẹ̀ tí awọ wọn le. Ibi tí a ń sun ní kùtùkùtù wà ní àárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Ọwọ́ ènìyàn àti oṣù tí ó mú iná lọ́wọ́ ni ó yàtọ̀. Èmi kò ní gbe ọdẹ náà lẹ́yìn pé kí a máa sun pápá, nítorí ibi tí a kò sun rárá ni ó ṣe dáradára jù. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan yóò bá sun ún dandan, èyí tí wọ́n sun ní oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ kò ba igi jẹ́ tó ti Ẹrẹ́nà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní 1983, nígbà tí òjò kọ̀ láti rọ̀, iná pápá jó oko kòkó púpọ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Àwọn tí ó pàdánù oko wọn kì í ṣe ọdẹ.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń rí i. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2023, èéfín igbó tí ń jó ní Kánádà bo ìlú New York, ojú ọ̀run ibẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn. Ìbátan wa kan tí ń gbé ibẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá wa wò ó títí, wọ́n sì béèrè pé ta ni ó ń dẹ ọ̀yà ní ọ̀hún.

Nígbà tí a fi Èrúwà sílẹ̀, oòrùn ti ń lọ sí ilé, ó pọ́n, a sì lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Pápá ń jó ní apá ọ̀tún ọ̀nà, ó ń ta bí àgbàdo tí a ń yan, èéfín rẹ̀ sì tẹ́ kọjá sí apá òsì bí aṣọ tí a sá. A ti gbogbo fèrèsé, a sì yí ẹ̀rọ amúlétutù sí ibi tí kò fi ní fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí ọmọ náà dákẹ́. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́ ni à ń bẹ̀rù jù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ihò ọrùn rẹ̀ sì ń jìn bí ó ti ń fa èémí. Ìyá rẹ̀ mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fín oògùn sí ẹ̀dọ̀fóró jáde, ó fín in sí i ní ẹnu, ó kà, ó tún fín in. Bọ́ọ̀sì ń rìn bí ìgbín. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi rí iná àwọn ilé Igbó-Ọrà.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti dé. Láti Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta kò tó 60 kìlómítà, àbúrò mi sì fẹ́ kí a máa lọ. Ó ní àwọn ẹbí ń retí wa, ó ní kò sí ẹni tí yóò mọ orin tí ó kàn bí ìwé ètò kò bá dé. Ìyàwó rẹ̀ kò dá a lóhùn. Èmi ni ó kọ ojú sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Bàbá ti lọ sinmi láti ọdún mẹ́wàá, wọn kò ní bínú bí a bá pẹ́. Èémí ọmọ yìí ni kò lè dúró dè wá.”

Ohun tí mo mọ̀ nípa èéfín sì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọ̀sán, ooru ilẹ̀ a máa gbé èéfín lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì tutù, èéfín a padà sọ̀ kalẹ̀, a sùn sí àfonífojì àti etí odò títí oòrùn yóò fi mú ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ní òru yóò pàdé èyí tí ó ki jù, yóò sì bá ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní iná ẹ̀yìn nínú rẹ̀. Mo ní kí a sùn. Ojú àbúrò mi rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó yí ọkọ̀ sí àgbàlá ìjọ kan.

Ìyàwó olùṣọ́ àgbàlá náà gbà wá bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Igbó-Ọrà ni ìlú tí a mọ̀ káàkiri ayé fún ìbejì. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ní àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa ni ó fà á. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìlú náà ṣe aláìní dókítà, nítorí láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàràpá. Ọbẹ̀ ilasa náà ni obìnrin yìí bù fún wa, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọmọ jẹ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e ró sí àyà rẹ̀ lórí ibùsùn ẹ̀yìn, nítorí pé ó rọrùn fún un láti mí ní ìjókòó ju ní ìdùbúlẹ̀ lọ. Èmi àti àbúrò mi sùn ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú ìbora kan. Ilé ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà ṣe iṣẹ́ ilé ní òru náà. Ní bí aago mẹ́ta mo gbọ́ tí ọmọ náà ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. N kò mọ̀ pé híhanrun lè dùn ní etí tó bẹ́ẹ̀.

Ní aago méje òwúrọ̀ a kò rí ilé òdìkejì ọ̀nà. Ó di aago mẹ́sàn-án kọjá kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìbòrí náà, nígbà náà ni a tó gbéra. Ilẹ̀ dúdú ní ọ̀tún àti ní òsì. Kùkùté ń rú èéfín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti mọ́ dé ìwọ̀n. A bọ́ sí àárín àwọn abúlé Ẹ̀gbá, a rí àwọn tí wọ́n wọ aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi ní ẹ̀yìn ọ̀kadà, a dé Láfẹ̀nwà. Odò Ògùn ti fà, àwọn àpáta inú rẹ̀ yọ ẹ̀yìn bí erin tí ń wẹ̀. Láti ìhà ìwọ̀-oòrùn odò yìí ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti wá ní 1851 àti ní 1864, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Mo gbójú wá Olúmọ, àpáta tí ó fi ara pamọ́ fún àwọn baba wa nígbà tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1830. Ní ọjọ́ náà òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ara pamọ́, ọyẹ́ ti gbé e mì. Ìlú tí Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròhìn ní èdè wa ní 1859 kò ju orule mélòó kan lọ ní ojú wa, tí wọ́n ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ń gòkè.

Nígbà tí a dé ilé ìsìn, ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọ́n ti fi orí kọ gbogbo orin, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Àbúrò mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń pín ìwé ètò fún àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń jáde, wọ́n sì ń gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá wa kò wo ìwé. Wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sí orí àtẹ̀gùn ilé ìsìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa màjàlà kúrò ní orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.