Ìbáwí Elí Kò Tó

Elí bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kejì, jẹ́rìí pé bàbá arúgbó náà gbọ́ ìwà ibi wọn, ó sì sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀sùn tí Ọlọ́run fi kàn án ní orí kẹta ni pé kò dá wọn dúró. Ìbáwí wà, ààlà ni kò sí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Adó-Èkìtì lónìí. Ìyá ti jí lọ sí Ọjà Ọba, bàbá wà ní ọ́fíìsì, fóònù sì wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 13 títí di ọ̀gànjọ́. Òbí á pariwo, wọ́n á gbàdúrà. Bílẹ̀ bá mọ́, fóònù á tún padà sọ́wọ́ ọmọ.

Ìlú yìí kò ṣàì mọ ààlà. Ní Christ's School tí Archdeacon Henry Dallimore dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé orí òkè Agidimo ní àkókò ìwé, àkókò àdúrà àti àkókò oorun. Agogo kì í bínú, kì í sì í gbàgbé.

Kí òbí dá wákàtí tí fóònù yóò kúrò lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì gbé tirẹ̀ náà sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ nínú Éfésù 6:4 pé kí bàbá má ṣe mú ọmọ bínú. Èébú àti ẹgba kì í ṣe ààlà. Bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí a sún ààlà náà síwájú. Ṣùgbọ́n òfin tí a bá ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí ó ṣì dúró lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.